Agbọ̀n Tí Kò Ní Ìdí

Bàbá mi kò hun agbọ̀n tí kò ní ìdí rí. Gbogbo Kàbà ló mọ agbọ̀n Bámigbóyè. Àwọn ará Iffe àti ará Ìyámoyè máa ń wá rà á láti fi kó iṣu, wọ́n á ní ìdí rẹ̀ kì í já. Oko ni bàbá mi ń lọ láàárọ̀. Bí ó bá dé nírọ̀lẹ́, a óò jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, èmi á máa la imọ̀ ọ̀pẹ, òun á máa hun ún. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ kò ju ìyẹn lọ, àfi ìwé kíkà tí ìyá mi, Martha, fi Bíbélì kọ́ mi lẹ́bàá ààrò. N kò jókòó ní ilé-ìwé rí. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ti máa ń wá mi.

Lọ́jọ́ tí Hezekiah wọ agboolé wa ní ọdún 1955, kò sí ilẹ̀kùn nítòsí, òkìtì imọ̀ ọ̀pẹ ni mo fi bojú. Ó ga débi pé ó tẹrí ba kí ó tó lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó sì ń fa ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀ bí ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀. Tíṣà tuntun ni, ní ilé-ìwé àwọn ọmọkùnrin tó wà lẹ́yìn ìlú. Ọmọ Ìkòyí tó wà nítòsí Kàbà ni, kì í ṣe ti Èkó.

"Okun o, bàbá," ló fi kí bàbá mi.

"Okun, Tíṣà. Agbọ̀n mélòó?"

"Méjì, sà. Ṣùgbọ́n kí ẹ má fi ìdí sí i."

Bàbá mi gbójú sókè. "Kí n má fi kí ni sí i?"

"Ìdí, sà. Bọ́ọ̀lù ni a fẹ́ máa jù sínú rẹ̀. Kí ó máa ti òkè wọlé, kí ó máa ti ìsàlẹ̀ jáde."

"Tò. Bí o bá lọ ra bàtà ńkọ́, ṣé o máa ń ní kí wọ́n yọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ọ?"

Mo gbọ́ tí ìyá mi rẹ́rìn-ín nínú ilé. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé òyìnbó kan ló fi eré náà kọ́ àwọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n á gbé agbọ̀n kọ́ orí òpó gíga méjì, ẹni márùn-ún á dojú kọ ẹni márùn-ún, ẹni tó bá jù ú wọlé jù ló borí.

"Kí ni wọ́n wá ń gbé délé nígbẹ̀yìn?" ni bàbá mi bi í.

"Kò sí nǹkan kan, sà. Eré ni."

Bàbá mi kò gbà. Ó ní òun kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìparí rí láti ìgbà tí òun ti di ọkùnrin, òun kò sì ní bẹ̀rẹ̀ nítorí eré. Ó hun agbọ̀n méjì, ó fi ìdí sí méjèèjì, ó ní kí n gbé wọn lọ fún tíṣà. Bí ó bá wù ú, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà wọ́n jẹ́.

N kò mọ ohun tó gbé mi dé ìdí ohun tí mo ṣe lọ́nà. Mo jókòó sábẹ́ igi ìyeyè kan, mo fi ọ̀bẹ tú ìdí agbọ̀n méjèèjì, mo wá fi imọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ di etí wọn yípo kí wọ́n má baà tú. Nígbà tí mo dé pápá ilé-ìwé náà, ó gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó fi ìka yí etí ọ̀kan po.

"Bàbá ti yí ọkàn padà?"

"Rárá, sà."

"Ta ló wá di etí rẹ̀ báyìí?"

Ilẹ̀ ni mo ń wò. "Èmi ni, sà."

"Ó dára ju èyí tí a lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi délé. Ó bá mi dá iná alẹ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó ṣì wà lára mi.

Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Àǹtí Rhoda, ló ń rán aṣọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé náà. Òun ló di alárinà wa, kò sì sí ẹni tó yàn án.

"Tíṣà Alágbọ̀n ní kí n kí ọ," ló wí fún mi lọ́jọ́ kan.

"Kí ni kí n sọ?"

"Sọ pé o gbọ́. Ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ wúwo báyìí, ta ló máa mọ̀ pé o wà láàyè?"

"Ẹ ní mo kí wọn."

"Mo kí wọn. Oṣù mẹ́ta ni ọkùnrin ń rán mi níṣẹ́, mo kí wọn ni èsì."

Òun náà ló mú mi lọ sí pápá. Ó jókòó sí ọ̀ọ́kán, ó ń ran ọrùn ẹ̀wù, ó ń ṣe bí ẹni pé kò gbọ́ wa. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́sàn-án ló ń sáré lábẹ́ òpó, àwọn géńdé ọmọ tí irùngbọ̀n ti ń hù. Mọ́nsúrù, ọmọ Ràsákì olóbì, ni olórí wọn. Bí ó bá fò, ó máa ń pẹ́ lókè ju àwọn yòókù lọ.

"Ẹ̀yin náà ti ṣe é rí?" ni mo bi Hezekiah.

"Ọdún mẹ́ta. Kò sí ẹni tó ń fò tó mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ọdún tí a máa jáde, mo fò, mo ń bọ̀ wálẹ̀, ẹnìkan forí gbá mi lórúnkún. Mo gbọ́ ọ bí igi gbígbẹ tó dá. Dókítà ní bí mo bá tún fò, ọ̀pá ni n ó máa fi rìn."

"Ó ṣì ń dùn yín?"

"Oṣù mẹ́ta ni ẹsẹ̀ fi dùn mí. Ìyókù kò tíì dẹ́kun." Ó ń wo àwọn ọmọ náà. "Odidi ọdún kan n kò fẹ́ rí bọ́ọ̀lù sójú. Nígbà tí mo dé ibí, mo rí Mọ́nsúrù tó ń fò já máńgòrò láìmú igi. Mo ní, bí èmi kò bá lè fò mọ́, ẹnìkan lè fò fún mi. Mo wá ń kọ́ wọn. Bí ó bá jù ú wọlé báyìí, ọwọ́ mi gan-an ni mo máa ń rí."

Lójú ẹsẹ̀ ni mo mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ, ẹ̀rù sì bà mí.

Àǹtí Rhoda gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú bàbá mi lẹ́yìn ìkórè ọdún kejì. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo wà.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?" ni ìyá mi bi í. "Mo rí i tó ń fà á."

"Kẹ̀kẹ́ ló gbé e ṣubú. Ó ti san," ni Àǹtí Rhoda dáhùn.

Mo mọ̀ pé irọ́ ni. N kò jáde, n kò sọ̀rọ̀.

"N kò bá tíṣà jà," ni bàbá mi wí nígbẹ̀yìn. "Ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin láti máa ju nǹkan sínú agbọ̀n tó lu, n kò mọ ohun tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n n kò bá a jà. Kí ó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí oko mi, kí wọ́n wá kọ ebè, bí gbogbo ọkọ ti ń ṣe nílẹ̀ yìí. Òun ni yóò mú poro àkọ́kọ́, lójú mi. Bí ó bá ṣe é, kí ẹ mú ọjọ́. Bí kò bá ṣe é, kí ó lọ fẹ́ ẹni tí bàbá rẹ̀ kì í jẹ iṣu."

Hezekiah lọ sí Ìkòyí ní ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo bá a ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Rhoda, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú.

"Wọn kò wá," ló wí. "Ọlọ́runṣọlá tí a jọ dàgbà ló dá mi lóhùn. Ó ní nígbà tí wọ́n ń kọ ebè fún àna òun, níbo ni mo wà? Nígbà tí wọ́n ń bo ilé ìyá òun, níbo ni mo wà? Ó ní ọ̀dọ̀ òyìnbó ni mo wà, mò ń fò. Kí n lọ fò fún bàbá ìyàwó mi."

"Ó ṣẹ̀fẹ̀ ni," ni Àǹtí Rhoda wí.

"Kò ṣẹ̀fẹ̀. Òótọ́ ló sọ. N kò fọwọ́ kan ọkọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wọn rí."

Mo wo ojú pápá láti ojú fèrèsé. "Ẹ ní àwọn kan," ni mo wí. "Àwọn wọ̀nyẹn."

Ó yíjú sí mi. "Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, Adédùntán. Ìwé ni bàbá wọn ní kí n kọ́ wọn."

"Ọjọ́ kan péré ni. Ọmọ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n mọ ebè í kọ. Bí ẹ bá pè wọ́n, wọ́n á wá."

Ó wo Àǹtí Rhoda. Àǹtí Rhoda fi eyín gé òwú. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò tíì sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀ fún un rí.

Oṣù kẹwàá ni, òjò ń palẹ̀ mọ́. Bàbá mi dúró létí oko, ó gbé ọkọ́ lé èjìká. Nígbà tí ó rí àwọn ọmọ mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé Hezekiah wọ oko, ó ka wọ́n lójú, ó tún wẹ̀yìn bóyá àwọn àgbà ń bọ̀.

"Àwọn wo nìyí?"

"Àwọn tí mo ní nìyí, sà."

"Tò. Mú poro rẹ."

Èmi àti ìyá mi gbé omi dé etí oko, mo rí gbogbo rẹ̀. Hezekiah kọ ebè márùn-ún bí ọkùnrin. Lórí ìkẹfà, orúnkún rẹ̀ há. Ó kúnlẹ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, kò ṣeé ṣe, ó wá ń fi ìkúnlẹ̀ wa ilẹ̀ jọ, òógùn ń kán sórí ebè. Ojú ti bàbá mi. Kò fẹ́ máa wò ó, kò sì lè gbójú kúrò.

Mọ́nsúrù jáde láti poro tirẹ̀. "Tíṣà, ẹ jẹ́ n bá yín mú un."

"Padà sí poro rẹ."

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé bí ẹnìkan bá ṣubú, ẹni tó sún mọ́ ọn ló máa gba ipò rẹ̀."

Ó gba poro náà, kò sì fi tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ń kọ ebè méjì níbi tí àwọn yòókù ti ń kọ ọ̀kan, ó ń sáré, kò wọ bàtà, ó ń fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọwọ́ wọn ń falẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, ọkọ́ yẹ̀, ó bá a láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó bu erùpẹ̀ lé e, èmi sì fa aṣọ gèlè mi ya fún un.

"Ẹ ṣeun, ìyàwó Tíṣà," ló wí. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó pè mí bẹ́ẹ̀.

Ó dìde, ó parí poro méjèèjì. Bàbá mi rìn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì, ó wo bí ebè ti tò.

"Ẹ mú ọjọ́," ló wí.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni inú mi fi dùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Mọ́nsúrù jí, kò lè la ẹnu. Àsíyátù, ìyá rẹ̀, rò pé eyín ló ń dùn ún. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní àìsàn náà ti ojú ọgbẹ́ ẹsẹ̀ wọlé, wọ́n ní ó ti pẹ́. Ọjọ́ kejì ló kú. Kí oòrùn tó kúrò lókè orí, wọ́n ti sin ín.

Ọ̀gá ilé-ìwé pe Hezekiah. Àǹtí Rhoda wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ẹrù aṣọ, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn.

"Ta ló ní kí o kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí oko àna rẹ?"

"Èmi ni, sà."

"Kò sí ẹni tó gbà ọ́ nímọ̀ràn?"

"Kò sí, sà. Èmi nìkan ni."

Wọ́n hú òpó méjèèjì. Wọ́n gbé Hezekiah lọ sí abúlé kan lẹ́bàá Ìyámoyè kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ABD. Kò wá dágbére. Lẹ́yìn oṣù kan, Àǹtí Rhoda lọ bá a níbẹ̀. Nígbà tí ó dé, kò jókòó.

"Ó ní kí n kí ọ. Ó ní kí wọ́n wá ọkọ mìíràn fún ọ."

"Ṣé ó bínú sí mi?"

"N kò rí ìbínú. Ìbá sàn bí mo bá rí i."

Ìyá mi ní kí n gbàgbé rẹ̀, pé ìgbéyàwó tí òkú ti ṣáájú, ilé wo ni ó fẹ́ kọ́? Bàbá mi kọ̀ láti lọ sí oko yẹn. Àkókò gbíngbìn dé, ebè náà wà bẹ́ẹ̀, koríko ń hù lórí wọn. Lójoojúmọ́ ni mo ń dìde láti lọ sọ fún bàbá mi pé èmi ni mo dá a lábàá. Mo máa ń dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo máa dúró níbẹ̀.

Oṣù kẹrin ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ràsákì fúnra rẹ̀ wọ agboolé wa. Gbogbo wa dìde. Ó jókòó sórí pákó tí bàbá mi ti ń hun agbọ̀n, ó yọ fìlà.

"Bámigbóyè, o ti gbin iṣu sí ebè yẹn?"

"Rárá."

"Kí ló dé?"

"Ọwọ́ mi kò gbé e, Ràsákì."

"Ó yẹ kí ọwọ́ rẹ gbé e. Lọ́jọ́ tí Mọ́nsúrù ti oko rẹ dé, ó jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní poro tòun ló tọ́ jù. Ó ní tíṣà òun yóò gbéyàwó, òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀." Ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́. "Bí òjò bá wó ebè náà, tí tíṣà kò sì gbéyàwó, kí ni kí n sọ pé ọmọ mi wá ṣe níbẹ̀?"

Ó dé fìlà rẹ̀ padà, ó dìde.

"Mo ti lọ bá tíṣà. Mo ti sọ fún òun náà. Ẹ mú ọjọ́ yín."

Bàbá mi gbin iṣu sí ebè náà lọ́sẹ̀ yẹn. Báyìí ni mo ṣe rí ohun tí mò ń fẹ́. A gbéyàwó ní oṣù kẹfà ọdún 1957. Kò sí ìlù. Nígbà tí àlùfáà bi Hezekiah bóyá ó gbà mí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ọjọ́ tí ó dá ọ̀gá rẹ̀ lóhùn, bí Àǹtí Rhoda ti sín in jẹ fún mi. Ràsákì wá, ó jókòó lẹ́yìn títí a fi parí. Àsíyátù kò wá. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, nígbà tí mo ti abúlé Hezekiah wá kí ìyá mi, ni mo pàdé rẹ̀ létí odò.

"Okun o, ìyàwó," ló wí. "Ìwọ ni Mọ́nsúrù kọ ebè fún?"

"Okun, mà. Èmi ni."

Mo fẹ́ sọ ìyókù fún un. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ tí wọ́n ti rà fún ẹlòmíràn.

"Ẹ kú ìnáwó," ló wí, ó sì gbé ìkòkò rẹ̀ rù.

Hezekiah kò ṣe búburú sí mi rí. Ó máa ń bá mi pọn omi kí ó tó lọ sí ilé-ìwé. Ó kọ́ mi ní ìṣirò tí ìyá mi kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá ń ju ọsàn síra wọn lójúde, ó máa ń wọlé. Nígbà mìíràn mo máa ń wò ó bí ó bá ń jẹun, mo máa ń bi ara mi pé ṣé èmi ni ọkùnrin yìí fẹ́ ni, àbí ẹni tí Ràsákì rán níṣẹ́ ni, tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà lójoojúmọ́.

Nígbà tí ọdún yí po, mo lọ sí Kàbà, mo bá bàbá mi lábẹ́ máńgòrò.

"Bàbá, mo fẹ́ agbọ̀n kan. Kí ẹ má fi ìdí sí i."

Mo ti múra sílẹ̀ fún yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó na ọwọ́ sí mi, mo gbé imọ̀ lé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún. Nígbà tí ó dé ibi tí ìdí yẹ kí ó wà, ó dúró, ó mú imọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó di etí rẹ̀ yípo bí mo ti dì í lábẹ́ igi ìyeyè lọ́dún yẹn.

"Ẹ mọ̀, bàbá?"

"Mo lọ wo eré náà lẹ́ẹ̀kan," ló wí. "Mo dúró lẹ́yìn ọgbà. Ìwọ nìkan ló ń di imọ̀ báyẹn."

Mo gbé agbọ̀n náà dé abúlé wa lẹ́bàá Ìyámoyè, mo gbé e síwájú ọkọ mi lórí tábìlì. Ó ń wò ó. Ó gbé e, ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé èjìká, ọwọ́ náà jáde ní ìsàlẹ̀, ó ṣí i, ó pa á dé.

"Ta ló hun ún?"

"Bàbá ni."

"Bàbá fúnra wọn?" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rí i tó dé ẹnu rẹ̀, mo rí i tó padà.

"Tíṣà," ni mo wí, "èmi ni mo ní kí ẹ kó wọn lọ. Ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Èmi ni mo pè wọ́n."

"Àwọn ọmọ wà ní abúlé yìí tí wọ́n lè fò. Mo ti ń wò wọ́n. Ẹ lè kọ́ wọn."

"Èmi náà ti ń wò wọ́n." Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ jáde. "Mo máa ń wo ẹsẹ̀ wọn, Adédùntán. Wọn kì í wọ bàtà."

Ó ti agbọ̀n náà sọ́dọ̀ mi jẹ́jẹ́.

"Fi ìdí sí i," ló wí. "Àkókò iṣu ti dé."

Mo mú imọ̀, mo là á. Ó jókòó tì mí, kò lọ síbì kankan, ó ń na imọ̀ sí mi lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi hun ún parí. Lọ́jọ́ Sátidé, a fi kó iṣu láti poro Mọ́nsúrù lọ sí ilé Ràsákì. Àsíyátù kó iṣu náà jáde, ó gbọn erùpẹ̀ inú agbọ̀n, ó gbé e padà fún wa.

A ṣì ń lò ó lọ́dọọdún. Ìdí tí mo fi sí i le. Kò tíì já.